Wọ́kìn mẹ́mọ́rì lórí kọ̀ǹpútà: àwọn ìbéèrè tí ẹ ò yé bi mí

Okun o, gbogbo ilé. Láti Kabba dé Isanlu, Mopa dé Iyara, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń ṣe prọ́jẹ́ẹ̀tì sàíkọ́lọ́jì máa ń bi mí nípa bí wọ́n ṣe máa fi kọ̀ǹpútà wọ̀n wọ́kìn mẹ́mọ́rì, mo sì ti dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹ kà á kí ẹ tó pè mí.

Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ wọ́kìn mẹ́mọ́rì?

Àyè kékeré tí ọpọlọ fi ń di nǹkan mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, tó sì tún ń fi nǹkan náà ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kan náà. Ẹ wo ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà Kabba: ẹnì kan ra kóńgò mẹ́ta ó sì na owó ńlá sí i, ìyá ń ṣírò ṣéńjì lọ́wọ́, ẹlòmíì dé ó ní ẹ bá mi wọn méjì, ìyá dá a lóhùn, ó tún kí ẹni tó ń kọjá, ó wá padà síbi tó bá ìṣirò dé láì sọ ọ́ nù. Ohun tó fi di ìṣirò yẹn mú nígbà tó ń dá èèyàn lóhùn, òun là ń wọ̀n.

Baddeley àti Hitch, àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, ló gbé àlàyé tí àwọn èèyàn ń lò jù kalẹ̀ ní 1974. Wọ́n ní kì í ṣe àpótí ìpamọ́ lásán, ibì kan wà tó ń pa ohùn mọ́, ibì kan wà tó ń pa ohun tí ojú rí mọ́, ọ̀gá kan sì wà lókè wọn tó ń pín iṣẹ́. Ẹ ti lè gbọ́ nípa nọ́ńbà 7 tí Miller kọ̀wé lé lórí ní 1956, pé bíi nǹkan méje lèèyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ Cowan wá sọ ní 2001 pé téèyàn ò bá rí àyè kà á lákàtúnkà sínú, tí kò sì rí ọgbọ́n dá láti so nǹkan pọ̀, bíi 4 ló kù. Nítorí náà ẹ má kọ 7 sínú prọ́jẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé òfin ni.

Ìdánwò wo ni kí n lò?

Ó dá lórí ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Digit span ló rọrùn jù, ẹ pe nọ́ńbà, ẹni náà tún un pè, tí ẹ bá ní kó pè é láti ẹ̀yìn wá iwájú, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Corsi jẹ́ ti ojú, búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án lórí síkírínì, wọ́n á máa tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni náà á sì tẹ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe tàn tẹ̀ léra, ó dára fún ẹni tí kò mọ̀wé. N-back, nǹkan á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó tẹ bọ́tìnì tí èyí tó jáde báyìí bá jọ èyí tó jáde ní ìgbésẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní 2-back. Operation Span ní tiẹ̀ pa ìṣirò pọ̀ mọ́ lẹ́tà, ẹ ṣe ìṣirò kan, ẹ rí lẹ́tà kan, ìṣirò, lẹ́tà, títí, lẹ́yìn náà kí ẹ to àwọn lẹ́tà yẹn padà bí wọ́n ṣe jáde.

Tí ẹ bá bi mí, ẹ má mú ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ mú méjì tí wọn ò jọra. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ṣé dandan ni kí n ra sọ́fítíwià?

Rárá o. PsychoPy, OpenSesame, PEBL, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. jsPsych náà ọ̀fẹ́ ni àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń kọ prógírámù, díẹ̀, inú bráwúsà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. E-Prime ni wọ́n ń tà. Ẹ wá ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dáa kí ẹ dáwúnlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó o sórí fíláṣì, ó tán, tí ẹ bá ti fi sórí kọ̀ǹpútà PsychoPy ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ láti ṣiṣẹ́.

PEBL ni mo máa ń kọ́kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ torí wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ ìdánwò sínú rẹ̀ sílẹ̀, Corsi wà níbẹ̀, n-back wà níbẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù mi ti gbó, ṣé á lè gbé e?

Á gbé e, tó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe gbà á tó ni ẹ fẹ́ wọ̀n, kì í ṣe bí wọ́n ṣe yára tó. Ọ̀pọ̀ síkírínì ló ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé ìyà kan jẹ́ nǹkan bíi 16.7 mílísẹ́kọ́ǹdì, tí ẹ bá fẹ́ kí lẹ́tà hàn fún 500 mílísẹ́kọ́ǹdì ó jẹ́ ìyà 30 géérégé. Tí ẹ bá wá kọ 510, síkírínì ò mọ ohun tí ẹ ń wí, ìgbà tó bá tún ara rẹ̀ yà ló máa yí i.

Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ gan-an ni àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ pa WhatsApp, ẹ pa Windows update, ẹ pa battery saver, ìyẹn ohun tó ń bá bátìrì ṣọ́ owó ná, torí ó máa ń sọ kọ̀ǹpútà di ìjàpá, ẹ sì pa ohun tó ń mú kí síkírínì sùn. Tó bá jẹ́ pé ìyára gan-an ni ẹ fẹ́ wọ̀n, kọ̀ǹpútà kan náà ni kí gbogbo èèyàn lò, ẹ má fi láptọ́ọ̀pù tuntun wọ̀n àwọn ọ̀dọ́ kí ẹ wá fi èyí tó ti gbó wọ̀n àwọn àgbà kí ẹ ní àwọn àgbà ò yára.

Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹnikẹ́ni tí bátìrì ò bá tó parí rẹ̀ láì sí iná, ká ní iná wà pàápàá. Èmi náà ti jìyà rẹ̀: bátìrì tó máa ń lo wákàtí kan wá kú ní ìṣẹ́jú ogún, dátà bàbá kan lọ, bàbá yẹn sì ti fi oko sílẹ̀ wá, ojú tì mí débi pé mi ò lè ní kó tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, kí n tó gbé iṣẹ́ jáde mo máa ń jókòó ṣe é fúnra mi, tí mo bá dé àárín màá pa kọ̀ǹpútà lójijì, màá wá wò ó bóyá fáìlì wà àti pé kí ló kù nínú rẹ̀. Tí kò bá sí nǹkan, ẹ sọ fún ẹni tó kọ prógírámù náà kó máa kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá parí.

Jẹnẹrétọ̀ ní wàhálà tiẹ̀. Ariwo rẹ̀ máa ń gba ohùn lọ́nà, tí ẹ bá sì ń pe nọ́ńbà ní Yorùbá, èje àti ẹ̀jọ á di ọ̀kan náà létí. Hẹ́dífóònù tó bo etí ni kí ẹ rà. Ẹ má tan jẹ́ẹ̀nù fún àwọn kan kí ẹ pa á fún àwọn kan, yálà gbogbo èèyàn gbọ́ ọ tàbí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ.

Ìgbà wo ló dáa jù láti pe èèyàn?

Kì í ṣe ìgbà káṣù. Tí káṣù bá ti ń já, ẹ ò lè rí ẹnikẹ́ni lábúlé, ẹni tí ẹ bá sì rí á ti rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ ọjà náà ò dáa. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa, ṣé wọ́n lọ àìsùn lálẹ́ àná, ṣé wọ́n ń gbààwẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí àìsùn máa ń kan máàkì.

Kí ni kí n sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀?

Àkọ́kọ́, ẹ má pè é ní ìdánwò lójú wọn. Tí ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún bá gbọ́ ìdánwò, ohun tó ti já ní síkúùlù nígbà náà lọ́hùn-ún ló máa rántí, ẹ̀rù á bà á, ẹ̀rù yẹn fúnra rẹ̀ á sì gba àyè nínú ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n. Mo máa ń ní "Mà, iṣẹ́ kékeré kan wà lórí kọ̀ǹpútà yìí, ó máa le bó bá ṣe ń lọ, ẹnikẹ́ni kì í gba gbogbo rẹ̀." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má yọ ọ́.

Ìkejì, ẹ sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Owé ni àwọn ará Kabba ń sọ, Yàgbà ni ti Isanlu àti Ẹgbẹ, Ìjùmú ni ti Iyara, Yorùbá rédíò ò sì rọ àgbà mìíràn lọ́rùn bí ẹ ṣe rò. Ẹ wá ọmọ ìlú kan kó ka àlàyé sínú fóònù, kí gbogbo ará ìlú yẹn gbọ́ ohùn kan náà. Tí ẹ bá ń fi ẹnu yín sọ ọ́, ẹni kẹwàá á gbọ́ àlàyé tó dáa ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, torí ẹnu yín á ti mọ́ ọn.

Ìyá yìí ò di máòsì mú rí láyé rẹ̀, kí ni mo máa ṣe?

Ẹ kọ́ ọ ní máòsì kí ẹ tó kọ́ ọ ní iṣẹ́, ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún lé bọ́ọ̀lù kan kiri lórí síkírínì, kó máa tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá tíì mọ́ ọn lára, ohun tí ẹ máa wọ̀n ni ìjà òun pẹ̀lú máòsì, nǹkan tó ní lọ́kàn á ti jábọ́ kí ọwọ́ tó débẹ̀.

Èyí tó dáa jù ni kí ẹ yọ máòsì kúrò pátápátá. Ẹ lẹ sítíkà àwọ̀ ewé mọ́ bọ́tìnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù, pupa mọ́ èkejì, ó tán. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ẹni náà fi ẹnu sọ ọ́ kí àwọn fúnra wọn máa tẹ̀ ẹ́, kò burú, àmọ́ gbogbo èèyàn ni kí ẹ ṣe é fún, àti ọmọ yunifásítì tó ń fi fóònù ṣeré tọ̀sán tòru, kí ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ìyára nìyẹn.

Mò ń lo lẹ́tà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ nínú sọ́fítíwià, ṣé wàhálà kankan wà níbẹ̀?

Wàhálà ńlá wà níbẹ̀, òun sì ni mo rí tí àwọn èèyàn kì í bìkítà fún jù. Lẹ́tà 12 ló wà nínú Operation Span tó wọ́pọ̀: F, H, J, K, L, N, P, Q, R, S, T, Y. Téèyàn bá pè wọ́n bí òyìnbó ṣe ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ohùn tiẹ̀. Ẹ wá pè wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ bàbá wa ní a, bí, dí: fí, hí, jí, kí, lí, ní, pí, rí, sí, tí, yí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Í, í, í ni gbogbo rẹ̀. Q tiẹ̀ wá, kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa rárá.

Conrad ti fi hàn láti 1964 pé lẹ́tà tí ohùn wọn bá jọra máa ń pòrúurùu mọ́ra wọn nínú ìrántí, kódà nígbà tó jẹ́ ojú lèèyàn fi rí wọn, torí pé inú lọ́hùn-ún la ti ń pè wọ́n. Nítorí náà tí ẹ bá fi lẹ́tà yìí wọ̀n ọ̀dọ́ tó ń pè wọ́n ní éfù, éṣì, jéè àti bàbá tó ń pè wọ́n ní fí, hí, jí, iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ ni ẹ gbé fún wọn, ẹ ó wá lọ kọ ọ́ pé ọjọ́ orí ló fa ìyàtọ̀. Ó dùn mí gan-an tí mo bá rí i nínú prọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi ọ̀rọ̀ kúkúrú tàbí àwòrán rọ́pò lẹ́tà: ẹja, bàtà, ilé, ọ̀bẹ, igi, àga. Kí ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ má kó igba, igbá àti ìgbà sínú àkójọ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má kó ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pọ̀, ẹ ti dá ìṣòro lẹ́tà yẹn padà nìyẹn.

Digit span ńkọ́, ṣé ní Yorùbá ni àbí ní Gẹ̀ẹ́sì?

Èyí tí ẹni náà fi ń ka nǹkan lójoojúmọ́. Ẹ bi í, ẹ má rò ó fún un: àwọn ìyá tó ń sọ Yàgbà ní gbogbo ọjọ́ wà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pe nọ́ńbà fóònù.

Àmọ́ tí ẹ bá ti lo èdè méjì, ẹ má fi máàkì wọn wéra bí ẹni pé ọ̀kan náà ni. Baddeley, Thomson àti Buchanan fi hàn ní 1975 pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe gùn lẹ́nu tó ni iye tí a lè rántí máa dín kù tó. Ní 1980 Ellis àti Hennelly rí i lára àwọn tó ń sọ èdè Welsh pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì pé nọ́ńbà tí wọ́n ń rántí ní Welsh kéré sí ti Gẹ̀ẹ́sì, ọpọlọ wọn kọ́ ló burú, nọ́ńbà Welsh ló ń pẹ́ lẹ́nu. Ẹ wo tiwa: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kò sí ọ̀kan tí kò ní tó sílébù méjì, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ pé láti 1 dé 9 seven nìkan ló ní méjì. Ẹni tó bá gba 5 ní Yorùbá àti ẹni tó gba 6 ní Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ ọgbọọgba.

Ẹ fi àyè ìṣẹ́jú àáyá kan sí àárín nọ́ńbà kan àti èkejì, ẹ ká ohùn sílẹ̀, ẹ má kọjá 9. Tí ẹ bá dé ẹ̀tàdínlógún, ìṣirò ti wọ inú orúkọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀.

Ẹnì kan gba 67% nínú n-back mi, ṣé ó dáa?

Ẹ wo fáìlì rẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kó má tẹ bọ́tìnì kankan rárá. Ká ní nǹkan 60 ló jáde, 20 nínú wọn ló yẹ kó tẹ bọ́tìnì fún, 40 ò yẹ. Tó bá kàn ká ọwọ́ gbera tó ń wo síkírínì, ó ti gba 40 nínú 60 nìyẹn, 67%, ó sì lè jẹ́ pé ó ń sùn.

Ọ̀nà tó dáa ni kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀: ìgbà tó yẹ kó tẹ̀ tó sì tẹ̀, àti ìgbà tí kò yẹ tó tún tẹ̀. Ẹni tó tẹ 15 nínú 20 tó yẹ ní 0.75, tó bá wá ṣi 4 tẹ̀ nínú 40 tí kò yẹ ó ní 0.10. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì, 0.65. Ẹni tó ń sùn yẹn, òdo ni tiẹ̀, ẹni tó ń tẹ gbogbo rẹ̀ náà, òdo. Tí súpáfáísọ̀ bá ní d-prime lòun fẹ́, ìyẹn ìwọ̀n bí ẹni náà ṣe mọ ìyàtọ̀ èyí tó yẹ àti èyí tí kò yẹ tó, ẹ sọ méjèèjì di z (ìwọ̀n bí ìdá kan ṣe jìnnà sí àárín tó, kọ̀ǹpútà á bá yín ṣe é) kí ẹ tó yọ wọ́n, èyí á jẹ́ nǹkan bíi 1.96.

Tí ẹnì kan bá gba 20 nínú 20, z ò ní ṣeé ṣírò. Ẹ fi 0.5 kún òkè, ẹ fi 1 kún ìsàlẹ̀, á di 20.5 lórí 21, ìyẹn 0.976. Gbogbo èèyàn ni kí ẹ ṣe é fún, kì í ṣe àwọn tó gba gbogbo rẹ̀ nìkan.

Wọ́n ní kí n yọ ẹni tí kò bá gba 85% nínú ìṣirò Operation Span kúrò. Ìdajì èèyàn mi ló máa lọ!

Òfin 85% yẹn wà kí ẹnikẹ́ni má bàa pa ìṣirò tì kó máa ka lẹ́tà sínú. Nínú èyí tó kún, ìṣirò 75 ló wà, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ṣi 11 ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá ṣi 12 ti jáde. Àwọn stúdẹ́ǹtì òyìnbó ni wọ́n fi dán an wò, wọ́n ti mọ àmì ìsọdipúpọ̀ látìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré.

Níbí, ìyá tó ń ṣírò owó kẹ́gẹ́ ẹmu lọ́kàn láì lo kákúlétọ̀ lè já ìṣirò orí síkírínì, torí kò mọ ohun tí àmì yẹn ń sọ. Ìṣòro ìwé nìyẹn, kì í ṣe ti ìrántí. Ẹ rọ ìṣirò náà sílẹ̀, àròpọ̀ àti àyọkúrò nìkan, tàbí kí ẹ fi ìbéèrè tó yé wọn rọ́pò rẹ̀, bíi gbólóhùn tí wọ́n máa ní ó bọ́gbọ́n mu tàbí kò bọ́gbọ́n mu. Daneman àti Carpenter fi gbólóhùn ṣe tiwọn láti 1980, kò sí ẹni tó máa bá yín jà. Ẹ ṣáà kọ ohun tí ẹ yí padà síbẹ̀, àti iye èèyàn tí ẹ yọ.

Ọ̀rọ̀ máàkì náà: ẹ má lo èyí tó ń fúnni ní òdo tí ohun kan bá sọnù. Ẹni tó rántí 4 nínú 5 ní àyè wọn, ẹ fún un ní 4.

Èèyàn mélòó ló tó?

Kò sí ohun tó ń jẹ́ 30 tó, mi ò mọ ẹni tó kọ́ yín. Tí ẹ bá ń wá ìbátan (correlation) bíi 0.3 láàárín nǹkan méjì, ẹ nílò bíi èèyàn 85 kí ẹ tó ní 80% àǹfààní láti rí i. G*Power, sọ́fítíwià tó ń ṣírò iye èèyàn tí ẹ nílò, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi ṣírò tiyín kí ẹ tó jáde nílé.

Àwọn tó ṣe dáadáa nínú n-back ò ṣe dáadáa nínú Operation Span. Ṣé mo ṣì í ṣe ni?

Ó lè má jẹ́ ẹ̀yin. Kane àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2007 pé ìbátan àárín méjèèjì kò lágbára, Redick àti Lindsey sì kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2013, ohun kan náà ló jáde. N-back ń bi yín pé ṣé ẹ rí i rí, Operation Span ń bi yín pé kí ni ẹ rí, dídá nǹkan mọ̀ àti fífà á jáde kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mú méjì nìyẹn, kí ẹ má sì pa wọ́n pọ̀ di máàkì kan láì wò ó.

Ṣé mo lè fi líǹkì ránṣẹ́ kí wọ́n ṣe é lórí fóònù wọn?

Fún stúdẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ni, Corsi àti n-back ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ ò ní mọ ẹni tó ń fi bírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ ló bá a ṣe é. Nínú digit span, bírò yẹn á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àti ìfọwọ́sí ńkọ́?

Ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí níléèwé yín kí ẹ tó pe ẹni àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ kà á fún un níwájú ẹlẹ́rìí kó tẹ ìka. Ọmọdé, òbí á fọwọ́ sí i, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ má kọ orúkọ sínú fáìlì, nọ́ńbà ni kí ẹ fún wọn, kí ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà wà níbòmíì, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti wà láti 2023, dátà tí mò ń wí yìí kì í sì í ṣe èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù o.

Ìlú kékeré la wà. Tí ẹ bá sọ máàkì ẹnì kan fún ẹnì kejì, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Bàbá kan ní kí n sọ fún òun bóyá orí ọmọ òun pé. Kí ni kí n wí?

Ẹ ní ẹ ò mọ̀, torí ẹ ò mọ̀ lóòótọ́. Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ń fi ẹgbẹ́ kan wé ẹgbẹ́ kan, kò sì sí ìwọ̀n tí wọ́n ti fi lélẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa nínú sọ́fítíwià tí ẹ dáwúnlóòdù yẹn. Tí ara bá ń fu bàbá náà lóòótọ́, ẹ ní kó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Tí ọmọ bá ń ṣe n-back lójoojúmọ́, ṣé ọpọlọ rẹ̀ á jí sí i?

Á mọ n-back ṣe dáadáa. Jaeggi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2008 pé ó ń mú kí làákàyè ròkè, ariwo sọ, àwọn èèyàn ń ta áàpù lórí rẹ̀, àmọ́ nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìfiwéra tó dáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí i. Ohun tó kan ẹ̀yin níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì máa ń ṣe dáadáa sí i lẹ́ẹ̀kejì láì sí oògùn kankan, torí náà tí ẹ bá fẹ́ wọ̀n wọ́n ṣáájú nǹkan kan àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá àwọn kan tí wọn ò ní gba nǹkan náà, kí àwọn náà ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.